Ẹni Tó Ba Iṣẹ́ Jẹ́ Kì Í Ṣe Olè: Àtúnṣe Lórí Ìjà Wẹ́ẹ́bùsáìtì

"Màá fi ọlọ́pàá gbé e." Bí iṣẹ́ wẹ́ẹ́bùsáìtì bá ti wọ́ díẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníbàárà nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Ṣakí, ì báà jẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London àti Amẹ́ríkà ń béèrè ẹtù àti sányán lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó ṣe wẹ́ẹ́bùsáìtì fún òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ, ó di oṣù mẹ́rin. Nígbà tí iṣẹ́ náà máa fi jáde, àwòrán aṣọ ń yọ, ṣùgbọ́n ibi ìsanwó kò ṣiṣẹ́. Ìyá ní olè lọmọ náà, gbájúẹ̀ ni, àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ ẹ́.

Ìbínú ìyá tọ́. Orúkọ tó fún ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kò tọ́, ibi tó sì fẹ́ gbé e lọ kò tọ́ rárá.

Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní abala 32(2) pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti là á mọ́lẹ̀, nínú ẹjọ́ kan tó kan Diamond Bank, pé EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, pàápàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Ẹni tó bá sì fi ọlọ́pàá ti ọmọ oníṣẹ́ mọ́lé lè rí i pé ẹjọ́ dojú kọ òun alára. Abala 35(6) ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti àforíjì ní gbangba.

Níbo wá ni àṣìṣe yìí ti wọlé? Lójú tèmi, ó ti wà nínú wa kí ọlọ́pàá tó dé. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè láyé àtijọ́. Ẹni tí olówó rán á wọlé tọ onígbèsè, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa da ilé rú, títí ojú yóò fi ti ará ilé tí wọn yóò wá owó náà san. Ológò ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ológò kò sí mọ́, a fi kọ́ńsítébù rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. Gbèsè ni wọ́n ń dógò fún, gbèsè sì níye: ọ̀kẹ́ owó ẹyọ mélòó lo gbà, òun náà ni kí o san. Wẹ́ẹ́bùsáìtì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò níye bẹ́ẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ wò ó, ká wọn ohun tó ṣe àti ohun tó kù, kí á tó mọ iye tí ẹnì kan jẹ ẹnì kejì.

Gbájúẹ̀ wà o, n kò sẹ́. Òfin tó de ìwà gbájúẹ̀, ti 2006, ní irọ́ tí èèyàn fi gba owó gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ohun tó wà báyìí. Bí ọmọ náà bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn han ìyá, tó ní "èmi ni mo ṣe gbogbo èyí", tó sì mọ̀ pé irọ́ ni, ó ti wọ ibẹ̀. Bó bá ní "màá parí rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀", tí Jímọ̀ mẹ́jọ sì kọjá, ìlérí tí kò ṣẹ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò yà sọ́tọ̀ nìyẹn, àwọn tó kàwé ò sì yàtọ̀.

Kí wá ni ìyá lè gbà? Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ti 2018, dáhùn ní abala 130. Ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún lẹ́tọ̀ọ́ kí iṣẹ́ parí lásìkò, kí wọ́n tètè sọ fún un bí ìdádúró bá wà, kí iṣẹ́ náà sì dára dé ibi tí ọlọ́gbọ́n èèyàn máa retí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan owó padà níwọ̀n ibi tí iṣẹ́ kùnà dé. Apá kan ni o. Bí ahunṣọ bá hun ìlà ẹtù mẹ́rìnlá, tí méjì gba òwú tí kò yẹ, ta ni yóò ní kó kó gbogbo owó jáde? Yóò tú méjì náà, yóò tún un hun. Ìyá aláṣọ mọ èyí dájú nídìí òfì. Nídìí kọ̀ǹpútà ló gbàgbé.

Ibì kan wà tí òfì kò lè fi yé wa. Ẹni tó bá gbé òwú rẹ̀ fún ahunṣọ, aṣọ tó jáde, tirẹ̀ ni. Wẹ́ẹ́bùsáìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, iṣẹ́ tí a sì gbé fún òde ṣe, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni àṣẹ rẹ̀ kọ́kọ́ wà, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Owó tí ìyá san kò yí èyí padà. Ìlà kan péré lórí ìwé ló lè yí i padà, ìlà yẹn ni wọn kì í kọ.

Ẹ má jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ náà. Nígbà mìíràn, oníbàárà ló mú àwòrán dání fún oṣù méjì, tàbí tó ń fi ojúewé kún ojúewé láìfi owó kún un. Ohùn àti ọ̀rọ̀ inú WhatsApp ló máa sọ ẹni tó fà á. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọlé bí a bá ṣe ohun tó là sílẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan kan rẹ́. Lẹ́tà kan tó ka àbùkù iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì dá ọjọ́, ló yẹ kó ṣáájú. Bí ìyẹn bá já sí asán, tí àgbà tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún kò sì rí i parí, kọ́ọ̀tù májísíréètì wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìsẹ́yìn.

Dòméènì, ìyẹn orúkọ tí wẹ́ẹ́bùsáìtì ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ńkọ́? Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àjọ NiRA ló ń bójú tó orúkọ tó parí sí .ng, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn ni wọ́n mọ̀ sí olóhun. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ tó ń wọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan báyìí, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ lọ wo orúkọ ta ni dòméènì yín wà.