Ta Ló Kọ́kọ́ Ṣe V8? Kì í Ṣe Ford

Bí a bá kó àwọn tó fẹ́ràn hot rod jọ ní Amẹ́ríkà, kí ẹnì kan sì bi wọ́n pé ẹ́ńjìnnì wo ló dára jù láti ọjọ́ tí aráyé ti ń wa mọ́tò, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ọ̀rọ̀ ìdílé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ford á ní tiwọn ni baba gbogbo wọn: Henry Ford ló dá V8 sílẹ̀ lọ́dún 1932, V8 yẹn ló sì bí hot rod. Àwọn ti Chevrolet á ní kò burú, baba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 1955 ni ọmọ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn yìí ti rinlẹ̀ débi pé igun méjèèjì ló gbà á. Ibi tó parí sí nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí. Bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni kò tọ̀nà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, hot rod ni mọ́tò àtijọ́, pàápàá Ford ọdún 1928 sí 1934, tí ẹni tó ni ín ti yọ mọ́dígáàdì rẹ̀ dànù, tó ti gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, tó wá ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ sínú rẹ̀ nítorí eré sísá. V8 ní tirẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó ní sílíńdà mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, tí ìlà méjèèjì dagun bíi lẹ́tà V, tí gbogbo wọn sì ń yí kíránkì kan ṣoṣo. Plọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é.

Ilẹ̀ Faransé ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Léon Levavasseur ló ṣe V8 kan tí wọ́n sọ ní Antoinette, orúkọ ọmọbìnrin ọkùnrin tó fowó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń díje ló kọ́kọ́ gbé e. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1906, Alberto Santos-Dumont, ọmọ ilẹ̀ Brazil, fi irú ẹ́ńjìnnì yìí gbéra nílẹ̀ nínú bàálù rẹ̀ 14-bis ní Bagatelle ní Paris, lójú gbogbo èrò. Ọdún 1908 ni Model T jáde. Ìyẹn ni pé V8 ti fò lójú ọ̀run kí Ford tó ta Model T kan ṣoṣo.

Ẹlòmíì á ní mọ́tò là ń sọ, kì í ṣe bàálù. Ó dáa. Ilé-iṣẹ́ De Dion-Bouton, ará Faransé ni àwọn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò V8 lọ́dún 1910. Àwọn Cadillac ní Detroit yẹ ti àwọn ará Faransé yìí wò fínnífínní, wọ́n sì gbé tiwọn jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, pẹ̀lú agbára ẹṣin 70. Láàárín ọdún kan, èyí tí wọ́n tà lé ní 13,000. Ọjà tó tà tó báyìí kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ nílùú Detroit.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù rèé. Henry Leland ni ọ̀gá Cadillac nígbà náà. Lọ́dún 1902, nígbà tí Henry Ford àti àwọn olówó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé mọ́, tó sì bá tirẹ̀ lọ, Leland ni àwọn olówó náà pè pé kó wá díye lé irinṣẹ́ tó kù nílẹ̀. Ó wò ó, ó ní kí wọ́n má tà á, kí wọ́n máa fi ṣe mọ́tò lọ. Ilé-iṣẹ́ tí Ford fi sílẹ̀ yẹn ló di Cadillac. Lọ́dún 1917, Leland náà kúrò níbẹ̀, ó lọ dá Lincoln sílẹ̀, V8 ló sì wà nínú mọ́tò Lincoln láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní oṣù kejì ọdún 1922, Ford ra Lincoln ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún mẹ́wàá gbáko ni Henry Ford fi ń ta V8 kí ó tó di pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń wí, ó “dá V8 sílẹ̀”.

Èyí tí Ford ṣe lóòótọ́ kò kéré. Carl Schultz àti Ray Laird, àwọn ẹnjiníà rẹ̀, ló gbé iṣẹ́ V8 tirẹ̀ lé lọ́wọ́ ní Dearborn, nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ Thomas Edison tí Ford ti tú ní Fort Myers tó sì tò padà síbẹ̀, kí aráyé má baà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó ní òun fẹ́ kí sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti ilé kíránkì jẹ́ irin kan, kí wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Cadillac àkọ́kọ́, bulọ́ọ̀kù méjì ni wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ orí ilé kíránkì. Iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, owó náà sì pọ̀. Ford kọ́ ló kọ́kọ́ dà á lẹ́ẹ̀kan, nítorí Viking tí General Motors gbé jáde lọ́dún 1929 ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì dà á lọ́pọ̀ yanturu ní iye tí apá òṣìṣẹ́ lè ká. Bulọ́ọ̀kù tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń da irin ní Rouge, ilé-iṣẹ́ ńlá Ford, kò kéré kí ọwọ́ wọn tó mọ́ ọn. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1932, lásìkò tí ebi ń pa Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì náà jáde: lítà 3.6, agbára ẹṣin 65, nínú mọ́tò tí iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 460 dọ́là. V8 àkọ́kọ́ ti Cadillac sún mọ́ 2,000. Ìyẹn ni iyì Ford, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa fi irọ́ bù sí i.

Ti pé V8 yìí ló bí hot rod náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California ti ń lọ sáré lórí Muroc, adágún kan tó ti gbẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Model T àti Model A ni wọ́n ń wà, plọ́ọ̀gì mẹ́rin péré. Ed Winfield ń ṣe kabúrétọ̀ àti kámù fún wọn ní Los Angeles kí ẹnikẹ́ni tó rí V8 Ford sójú. Ẹni tó bá fẹ́ kí Model T rẹ̀ sáré dáadáa sì tún lè lọ ra orí sílíńdà tí wọ́n ń pè ní Frontenac, tó gbé fáàfù kúrò nínú bulọ́ọ̀kù lọ sókè. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe Frontenac. Louis Chevrolet àti Arthur àbúrò rẹ̀ ni, ní Indianapolis, lẹ́yìn tí Louis ti fi ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Chevrolet ló fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ Ford yìí, ó sì gbowó rẹ̀.

Ìgbà tí V8 Ford bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọgbà àlòkù, tí ọmọdé lè ra èyí tó wà nínú mọ́tò tó ti forí gbági, ló tó gba pápá eré lọ́wọ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ẹni tó bá sì tú u mọ àìsàn rẹ̀. Fáàfù rẹ̀ kò sí lókè. Inú bulọ́ọ̀kù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, orí rẹ̀ wá tẹ́ bí àwo. Èéfín gbígbóná ní láti gba àárín bulọ́ọ̀kù já síta, láàárín omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára. Sílíńdà mẹ́rin ló wà lápá kan, ihò èéfín mẹ́ta péré ni, nítorí àwọn méjì tó wà láàárín ń pín ẹyọ kan lò. Abájọ tí rédíétọ̀ rẹ̀ fi máa ń hó. Èyí kò sì ní kí àwọn ọmọkùnrin náà má fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Zora Arkus-Duntov àti àbúrò rẹ̀ Yura rí àìsàn yìí, wọ́n sì ṣe oògùn rẹ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì: orí sílíńdà tuntun tí fáàfù wà lókè rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Ardun, tí ẹ lè dì mọ́ bulọ́ọ̀kù Ford. Lọ́dún 1953, Zora gba iṣẹ́ ní General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ni Chevrolet. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ló kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá Chevrolet pé Ford ni gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ṣe hot rod mọ̀, àti pé bí Chevrolet bá fẹ́ gbà wọ́n, kí ó ta àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lè fi sáré fún wọn. Ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta Ford lẹ́sẹ̀ ló ń bá Chevrolet sọ̀rọ̀ yẹn.

V8 ọdún 1955 náà dé, lítà 4.3. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òfuurufú ló ti já bọ́ sọ́wọ́ Ed Cole, olórí àwọn ẹnjiníà Chevrolet. Cole kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: Cadillac ló ti wá, níbi tó ti wà lára àwọn tó ṣe V8 ọdún 1949. Rọ́kà àámù V8 ọdún 1955 tí gbogbo ènìyàn ń yìn, tí wọ́n kàn tẹ̀ láti ara irin pẹlẹbẹ dípò kí wọ́n rọ ọ́, tó ń fì lórí bọ́ọ̀lù kékeré kan, Clayton Leach ní Pontiac ló ronú rẹ̀ jáde. Àwọn ọ̀gá General Motors ló ní kí Chevrolet náà lò ó. Wọn kò tilẹ̀ fàyè fílítà ọ́ìlì sílẹ̀ lára bulọ́ọ̀kù ọdún àkọ́kọ́. Kì í sì í ṣe V8 àkọ́kọ́ tí Chevrolet ṣe. Lọ́dún 1917 ni wọ́n ti ta mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Series D, V8 ni, fáàfù rẹ̀ wà lókè. Ó ṣáájú ti Ford ní ọdún 15. Kò tà, wọ́n pa á tì lẹ́yìn ọdún 1918, lónìí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú àríyànjiyàn kankan. Ẹni tó bá rò pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa ń gba ife ẹ̀yẹ, kó lọ béèrè lọ́wọ́ Series D.

Bí ẹ bá ní kí n dìbò, Chevrolet ọdún 1955 ni mo máa dì í fún. Ó kéré, ó fúyẹ́ ju ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tẹ̀ síwájú níbi tí Ford dúró sí, torí Ford pa V8 olórí pẹlẹbẹ tì ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 1953. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹ́ńjìnnì mílíọ̀nù 100 tí General Motors kéde lọ́dún 2011 pé irú rẹ̀ ti jáde gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ka àwọn ẹ́ńjìnnì LS tó jáde láti ọdún 1997 mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí àlàfo tó wà láàárín sílíńdà sí sílíńdà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló pa wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ti Ed Cole.

Kí àwọn ti Ford fi “àkọ́kọ́” sílẹ̀, kí wọ́n máa wí pé “olówó pọ́ọ́kú”. Ẹjọ́ wọn á le ju báyìí lọ. Kí àwọn ti Chevrolet náà sì máa rántí Pontiac, Cadillac àti orí sílíńdà Ardun nígbà tí wọ́n bá ń ka oríkì.