Ìṣirò Bí Ìdábùú Kọnkéré tí A Fi Okùn Irin Fún Ṣe Ń Tẹ̀

Kọnkéré, agbẹ́rù-má-ráhùn, tí a lè fún pọ̀ títí tí kò ní mira, kò ní agbára kan gbòógì láti kojú fífà. Ìdí nìyí tí Eugène Freyssinet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi gba ìwé-àṣẹ ní ọdún 1928 lórí ọgbọ́n fífa irin líle inú kọnkéré le kí ẹrù tó dé orí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí a ṣe ń ṣírò títẹ̀ irú ìdábùú bẹ́ẹ̀ nígbà tí okùn inú rẹ̀ bá rì láàárín.

Okùn tí ó rì, tí a sì fà le, kò fẹ́ ju kí ó nà tààrà lọ. Bí ó sì ti ń wá ọ̀nà àtinà ni ó ń ti kọnkéré sókè. Ní ọdún 1963, onímọ̀ ẹ̀rọ T. Y. Lin ṣàlàyé pé kí a ka títì yìí sí ẹrù tí ó dojú kọ òkè: bí okùn náà bá tẹ̀ ní páràbólà, a ó fi 8 sọ agbára fífà àti jíjìn okùn di púpọ̀, a ó sì fi gígùn ìdábùú tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ pín in.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdábùú kan tí ó gùn ní mítà 20 láàárín ọwọ̀n méjì, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 0.4, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí okùn rẹ̀ wà ní agbedeméjì gíga ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ó sì rì ní mítà 0.4 láàárín, pẹ̀lú agbára fífà kilonewton 1,500. Okùn náà yóò ti mítà kọ̀ọ̀kan sókè pẹ̀lú kilonewton 12, nígbà tí ìwúwo ìdábùú ń fi kilonewton 10 tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n líle kọnkéré bá jẹ́ gigapascal 30, okùn nìkan ì bá gbé àárín sókè ní mìlímítà 25, ìwúwo ì bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 20.8, ohun tí ojú yóò rí kò ju 4.2 lọ.

Níbi ìyọkúrò yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára bá sọnù níbi tí okùn ti ń ha ihò rẹ̀, 4.2 di 1.7, bí ìdá kan nínú márùn-ún bá lọ, ìdábùú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sílẹ̀. Irin a sì máa dẹ̀, kọnkéré a máa súnkì, a sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Afárá kọnkéré onírú okùn bẹ́ẹ̀ tí ó so Koror mọ́ Babeldaob ní Palau, tí a parí ní 1977 pẹ̀lú gígùn àárín mítà 241, tẹ̀ ju mítà kan lọ kí ọdún 20 tó pé, ju bí àwọn tí ó yà á ti ṣírò lọ; ó wó ní oṣù kẹsàn-án 1996, lẹ́yìn tí a tún un ṣe.

Nítorí náà, kí onímọ̀ ẹ̀rọ má ṣe fi iye kan ṣoṣo lé oníṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ó ṣírò fún ọjọ́ tí a fa okùn, fún ọjọ́ tí ẹrù dé, àti fún ọdún gbọọrọ tí ń bọ̀. Kí ó kọ èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa wọn ìdábùú náà lójú iṣẹ́.