Ojú Àjèjì ní Lọ́ńdọ̀nù

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àlejò ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, pé kó rọra ṣe, kó má tọrùn bọ ohun tí kò yé e nílùú onílùú. Ìtumọ̀ yẹn kò burú, àmọ́ kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ojú àjèjì kò fọ́, kì í sì í ṣe pé kò rí nǹkan kan. Ohun tó ń rí ló pọ̀ jù. Ọmọ onílùú ti mọ èyí tó yẹ kí òun wò àti èyí tó yẹ kí òun fojú fò dá. Àjèjì ń wo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kò sì rí ọ̀kankan níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tí òwe náà kò bá yé, kó dá wọ Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́, láìsí ẹni tí yóò wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Heathrow.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ sísọdá títì lásán. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọrùn ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn ti mọ ìhà tí yóò kọ́kọ́ yí sí kó tó gbésẹ̀, kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ rárá. Ọwọ́ òsì ni yóò wò, ọkọ̀ yóò sì máa bọ̀ láti ọ̀tún. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ mọ̀ pé àjèjì kún ìlú àwọn, ni wọ́n bá fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sílẹ̀ lójú títì pé kéèyàn wo ọ̀tún. Oòrùn pàápàá kò ṣe é gbára lé. Lóṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù kó tó wọ̀. Lóṣù Kejìlá, kò ní í tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ á ti máa ṣú.

Níbi ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn jù. Ọdún 1863 ni wọ́n ṣí àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sì sí ìlú kankan láyé tó ní irú rẹ̀ ṣáájú wọn. Bí ojú irin ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ọ̀nà rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra, títí di ọdún 1931 tí Harry Beck, ọ̀gbẹ́ni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ yíya àwòrán wáyà iná, fi ya tuntun. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ fún un. Ọdún 1933 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fáráyé, àwọn èrò sì tẹ́wọ́ gbà á. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe ni pé ó yọ gbogbo ohun tí èrò ọkọ̀ kò nílò kúrò: kò sí kọ́nà, kò sí òkè, kò sí ìwọ̀n bí ibùdókọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ó gbé ojú onílùú wọ àpò àlejò. Lójú tèmi, kò sí àlàyé òwe wa tó jinlẹ̀ tó ìyẹn, bẹ́ẹ̀ Beck kò gbọ́ Yorùbá.

Síbẹ̀, ojú àyálò ni. Lórí àwòrán yẹn, Leicester Square àti Covent Garden jìnnà síra bíi ti àwọn yòókù. Lójú ayé, kò ju bí 260 mítà lọ. Lójoojúmọ́ ni àwọn àlejò ń sanwó, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, kí wọ́n tó dé ibi tí ẹsẹ̀ ì bá ti gbé wọn dé ṣáájú.

Àwọn baba wa kì í fẹ́ dá rin ìrìn àjò lọ sílùú onílùú. Ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni àwọn oníṣòwò fi ń ti ìlú dé ìlú, nítorí ogun àti ìgárá. Wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Nígbà tí Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1904, tó fojú gán-án-ní Ọba Edward Keje, kò dá lọ. Iyì wà nínú ìyẹn, ààbò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kó má mọ orúkọ ibùdókọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ń sùn. Ẹni tó dá lọ ni ojú rẹ̀ ń tètè là, torí pé kò sí ojú ẹlòmíì tí yóò yá lò.

Fóònù ti fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ẹ̀gbọ́n yẹn báyìí. Ó wúlò, n kò ní kéèyàn sọ ọ́ nù. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ lè kú lóru, nítorí náà kí àlejò kọ àdírẹ́sì sórí ìwé. Nílé wa, a lè júwe ilé fúnni pé òun ló kọjú sí mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá alákàrà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òpópónà tó ń jẹ́ Church Road kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́tà àti nọ́ńbà kúkúrú tó gbẹ̀yìn àdírẹ́sì, bíi SE15 ti Peckham, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó bá sì ṣì dojú rú, abèèrè kì í ṣìnà. Kó béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀, kó má retí pé wọn yóò bá òun kí kíkí gígùn. Wọn kò kà á sí àìmọ̀wàáhù lọ́dọ̀ wọn.

Mo dárúkọ Peckham. Ibẹ̀ ni ojú àjèjì wa ti ń là lójijì: iṣu, ẹja gbígbẹ àti aṣọ òkè bẹẹrẹ ní Rye Lane, Yorùbá sì ń ta síni létí. Ọ̀pọ̀ ló ń sá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kì í sì í jáde mọ́ títí wọ́n á fi padà sílé. Èmi á ní kó di nǹkan bí ọjọ́ kẹta, kó sì jẹ́ bọ́ọ̀sì 12 ni wọn yóò wọ̀ láti Oxford Circus. Ó ń gba orí afárá Westminster kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lẹ́yìn náà ó gba Walworth Road àti Camberwell. Kí èrò gòkè, kó jókòó síwájú pátápátá, kó má sùn. Kó má sì mú owó lọ́wọ́ fún dírẹ́bà: láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò ti gba owó bébà mọ́, káàdì tàbí fóònù ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ. Nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ohun kan náà la ó fi kàn án nígbà tí a bá ń wọlé àti nígbà tí a bá ń jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ owó tó ju èyí tó yẹ lọ. Ti bọ́ọ̀sì, ìgbà tí a bá ń wọlé nìkan ni.