Nígbà Tí Ẹrù Wọ́n Ju Ènìyàn Lọ: Ìtàn Òfin Báàgì Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú Olówó Pọ́ọ́kú

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò bàbá mi kan gbéra láti Èkó lọ sí Belfast, níbi tó ti fẹ́ lọ kàwé. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, èkejì láti Lọ́ńdọ̀nù dé Belfast. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, wọ́n gbà á láàyè láti gbé báàgì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 23 kílò. Ìyá rẹ̀ bá di gààrí, èlùbọ́, ata gígún àti aṣọ sínú méjèèjì títí wọ́n fi kún dẹ́múdẹ́mú. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì kò ju £20 lọ, inú rẹ̀ sì dùn pé òun rí ọ̀pọ̀ rà. Ohun tí kò fiyè sí ni pé báàgì kékeré tó lè wọ abẹ́ ìjókòó nìkan ló wà nínú £20 yẹn.

Nígbà tó dé orí ìlà, owó tí wọ́n bù lé báàgì méjèèjì ju ìlọ́po márùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ó san ti ọ̀kan. Ó tú èkejì sílẹ̀ lójú gbogbo èrò, ó wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ jọ̀ bá pàǹtírí lọ.

Nígbà tó sọ ọ́ fún wa lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n wa kan ní, "Olè pọ́ńbélé ni wọ́n." Òmíràn ní, "Àbí o ò ka òfin wọn kí o tó sanwó ni?" Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ bí a ṣe dé ibi tí ẹrù ti wọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. Ìtàn ló lè dáhùn ìyẹn.

Ayé ìgbà tí wọ́n ń wọn èrò fúnra rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1920, bí o bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀ Croydon lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò ní wọn báàgì rẹ nìkan. Ìwọ náà yóò gun òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbà náà kì í gbé ju ogún èrò lọ, ẹ́ńjìnnì wọn kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, ọkọ̀ lè má lè gbéra. Irú ọkọ̀ báyìí ni Imperial Airways ń lò, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, tí ọ̀nà rẹ̀ sì dé Èkó ní 1936. Nítorí ẹ̀mí ni wọ́n fi ṣe òfin ẹrù nígbà náà.

Kílò wọ inú òfin àgbáyé pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1929, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Warsaw. Àdéhùn náà sọ pé bí báàgì tí èrò fi lé ọkọ̀ lọ́wọ́ bá sọnù, ìwọ̀n rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣírò owó ìtanràn, 250 faransi lórí kílò kan, ó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú dá àjọ IATA sílẹ̀ ní Havana ní 1945. Inú àjọ yìí ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á ní ọ̀pọ̀ ju ẹnìkejì lọ. Èrò lásán ní ẹ̀tọ́ sí 20 kílò, ẹni tó wà ní ipò kìíní sì ní ẹ̀tọ́ sí 30. Bí ẹrù bá lé, owó kílò kan tó lé jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní. Wọ́n mú òfin náà le débi pé ní 1958, àríyànjiyàn gidi ṣẹlẹ̀ láàárín wọn lórí irú búrẹ́dì tí a lè pè ní sáńwíìṣì, nítorí wọ́n fura pé àwọn kan ń fi oúnjẹ dídùn fa oníbàárà mọ́ra.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí yìí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹrù jẹ́ ọ̀fẹ́ láyé àtijọ́. Kò sí ọ̀fẹ́ kankan ńbẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó báàgì ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání sì ń bá ẹlẹ́rù san án. Ẹni tí kò lówó kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí àwọn olówó ló ń wọ bàálù.

Ní àwọn ọdún 1970, lórí àwọn ìrìnàjò tó kan Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye báàgì dípò iye kílò. Báàgì méjì ni èrò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí. Láti ibẹ̀ ni "báàgì méjì" tó ti mọ́ àwọn ará ilé wa lára ti wá.

Àwọn tó já owó wálẹ̀

Àwọn kan kò gba òfin IATA. Loftleiðir, ilé-iṣẹ́ kan ní Iceland tí kò sí nínú àjọ náà, ń gbé èrò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì ní owó tó kéré sí ti àwọn yòókù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ló kún inú ọkọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, Southwest bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1971 láàárín Dallas, Houston àti San Antonio. Nítorí pé kò jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ Texas, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dá iye owó lé tíkẹ́ẹ̀tì kò ní agbára lórí rẹ̀. Irú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, Boeing 737. Nígbà tó di 1972, wọ́n ti kọ́ bí èrò ṣe lè bọ́ sílẹ̀, tí àwọn mìíràn yóò wọlé, tí ọkọ̀ yóò sì tún gbéra láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í pa owó.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, Freddie Laker bẹ̀rẹ̀ Skytrain láti Gatwick sí New York ní £59. Oúnjẹ kò sí nínú owó náà, ẹni tí ebi bá ń pa yóò rà á. Èrò tò lórí ìlà láti rí tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ Laker kógbá sílé ní oṣù kejì ọdún 1982, ṣùgbọ́n ó ti fi han ayé pé a lè tú tíkẹ́ẹ̀tì palẹ̀, kí á sì máa ta ohun inú rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba agbára dídá owó tíkẹ́ẹ̀tì lé kúrò lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà.

Yúróòpù tẹ̀lé wọn. Ryanair bẹ̀rẹ̀ ní 1985 pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní ìjókòó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti Waterford sí Gatwick. Láti 1993, òfin tuntun jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Yúróòpù lè fò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ní iye tó bá wù ú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, easyJet ti Stelios Haji-Ioannou gbéra láti Luton sí Glasgow ní £29.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹrù ṣì wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Southwest já owó wálẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí báàgì fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kò lè wálẹ̀ àfi bí wọ́n bá gbówó lé ẹrù kò wo ìtàn dáadáa.

Báàgì di ọjà

Ọdún 2006 ni nǹkan yí padà. Flybe àti Ryanair bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí báàgì tó bá wọ ikùn ọkọ̀. Owó kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Ryanair sọ nígbà náà ni pé àwọn fẹ́ kí èrò dẹ́kun gbígbé báàgì ńlá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí bí báàgì bá dín kù, àwọn tó ń wọn ẹrù àti àwọn tó ń kó o yóò dín kù, ọkọ̀ yóò sì tètè gbéra. Ní 2008, nígbà tí epo rọ̀bì gòkè kọjá $140 lórí àgbá kan, American Airlines náà bu $15 lé báàgì àkọ́kọ́. Epo padà wálẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Owó báàgì kò bá a wálẹ̀.

Èrò kò sì dákẹ́. Wọ́n kó ohun gbogbo sínú báàgì ọwọ́, àyè tó wà lókè orí kún àkúnya, wíwọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà tún rí ọjà níbẹ̀. Ní 2010, Spirit ní Amẹ́ríkà gbówó lé báàgì ọwọ́, tó lè tó $45 fún ẹni tó bá dúró di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ní 2018, Ryanair ní kí ẹni tí kò bá san owó sí i má gbé ju báàgì kan tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 20 sí 25 wọlé. Báyìí ni àpótí onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gba ipò òṣùwọ̀n. Bí báàgì rẹ bá wọ inú rẹ̀, o yege. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ó di ọ̀rọ̀ owó.

Ìjà dé kóòtù. Obìnrin kan ní Spain ra tíkẹ́ẹ̀tì láti A Coruña sí Amsterdam lọ́wọ́ Vueling, wọ́n sì gbówó báàgì kún un. Àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Galicia bu ìtanràn 3,000 yúrò lé ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Yúróòpù dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ lè gbówó lé báàgì ikùn ọkọ̀, nítorí kò pọn dandan kí èrò ní i. Ṣùgbọ́n báàgì ọwọ́ pọn dandan, wọn kò gbọdọ̀ gbówó lé e, níwọ̀n ìgbà tí ìtóbi àti ìwọ̀n rẹ̀ bá mọ níwọ̀n. Kóòtù kò sọ iye sẹ̀ǹtímítà tó mọ níwọ̀n. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣì ń jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba Spain bu ìtanràn 179 mílíọ̀nù yúrò lé ilé-iṣẹ́ márùn-ún nítorí báàgì ọwọ́ àti àwọn àṣà mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò gbà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Southwest pàápàá juwọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó báàgì.

Ta ni wọ́n ṣe òfin yìí fún?

Báàgì kan náà, kílò kan náà, owó rẹ̀ kéré bí o bá san án nílé lórí fóònù rẹ, ó sì ga bí o bá san án ní pápákọ̀. Ọkọ̀ kò mọ ibi tí o ti sanwó. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n kọ́ ni wọ́n ń ta fún wa mọ́.

Síbẹ̀, n kò lè pè é ní olè bí ẹ̀gbọ́n wa ti wí. Ẹni tó fẹ́ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, tó gbé aṣọ méjì dání, jàǹfààní gan-an. Òun ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin náà. Ó nílé níbi tó ti ń bọ̀, yóò sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí kúrò nílé, bí ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹrù rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Òfin náà kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rárá. Òun ló wá ń san owó tí àwọn yòókù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ń múra ìrìnàjò, ìtàn yìí kọ́ mi ní nǹkan mẹ́ta. Ẹ ro owó báàgì mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó pe ohunkóhun ní ọ̀pọ̀. Bí ẹ bá lè ra ìrìnàjò yín látòkèdélẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ rà á bẹ́ẹ̀, kí òfin báàgì kan náà lè sìn yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ san owó báàgì, ilé ni kí ẹ ti san án.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ti ń ra èlùbọ́ ní Belfast báyìí. Ó ní ó wọ́n, kò sì dà bíi ti ìyá òun. Ìyá rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí tirẹ̀ wọlé sí.