Olobó orí íntánẹ́ẹ̀tì: Bí oníṣòwò Alímọ̀ṣọ́ ṣe lè fi Google Alerts tún ìpolówó ọjà rẹ̀ ṣe

Kí ẹlẹ́kọ àárọ̀ tó la ẹnu polówó, ó ti mọ àdúgbò tó ń wọ̀. Ó mọ ojúlé tí ọmọ iléèwé pọ̀ sí, ó mọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde ní kùtùkùtù, ó sì mọ ẹni tó ń ra àwìn. Etí ló kọ́kọ́ lò kó tó lo ẹnu. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké gbàgbé nìyí nígbà tí wọ́n gbé ọjà wọn dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń polówó tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí.

Irinṣẹ́ kan wà tó lè bá wọn ṣe iṣẹ́ etí náà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Google Alerts ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2003 ni iléeṣẹ́ Google ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé e jáde, Naga Kataru, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ló sì ṣe é. Ọdún kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì pín Alímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádò/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀/Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́/Ìdímù, Ìgandò/Ìkòtún àti Mọ́ṣàn/Òkúnọlá. Lásìkò náà, káfé ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ka ímeèlì ń lọ. Lónìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ ti tó. Ní agbègbè tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714, oníbàárà kò wọ́n. Mímọ ohun tí wọ́n ń wá gan-an ló ṣòro.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Google Alerts dà bí ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rán lọ sí ọjà pé kó máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oníṣòwò yóò ṣí google.com/alerts, yóò tẹ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n máa bá òun ṣọ́, yóò sì fi àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí Google bá rí ojú ìwé tuntun tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀, yóò fi olobó ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ló máa yàn bóyá kó máa dé lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó tún lè yan èdè àti orílẹ̀-èdè tí ìròyìn yóò ti máa wá. Fún ẹni tó ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sàn jù, kó lè kà á nígbà tó bá ti palẹ̀ ọjà mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí a bá fún un ni yóò jẹ́

Ẹ̀rọ kò mọ èrò ọkàn ẹni. Ẹni tó bá tẹ “aṣọ” nìkan yóò gba ìròyìn rẹpẹtẹ tí kò wúlò fún un. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé ni ti Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀gbẹ́dá wà ní Alímọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn. Alásè òde ìnáwó tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá ti Èkó, tó sì tẹ orúkọ náà nìkan, yóò máa ka ìròyìn àwọn ará Ọ̀yọ́. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ ni: Egbeda -Ibadan -Oyo. Àmì ìyọkúrò yìí gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fo ojú ìwé tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, tí a sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ wọ́n, a ó fi wọ́n sáàárín àmì àyọlò, bí i “Ikotun Market”. Bí ó bá jẹ́ pé èyíkéyìí nínú méjì ni a ń fẹ́, a ó fi OR, ní lẹ́tà ńlá, sáàárín wọn: Ikotun OR Igando. Ó tún yẹ kí oníṣòwò kọ orúkọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í fi àmì ohùn sí i.

Èdè ẹnu oníbàárà

Ibí yìí ni èrè rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn tó ń ta aṣọ àlòkù ní Katangowa, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Agbádò/Òkè-Odò. Aṣọ kan náà ni àwọn àgbà ń pè ní òkìríkà, orúkọ tó wá láti ara Okrika, ìlú etí omi ní ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn mìíràn ń pè é ní bend-down-select. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti sọ ọ́ di thrift. Bí oníṣòwò bá ṣètò olobó mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, yóò rí èyí tí irú oníbàárà tó ń wá ń lò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU bá ń wá “thrift”, tí ẹni tó ń tajà sì kọ “okrika” nìkan sí abẹ́ fọ́tò rẹ̀, àwọn méjèèjì lè máà pàdé láéláé, bí ọjà náà tilẹ̀ dára.

Olobó márùn-ún tó tó bẹ̀rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni orúkọ ìsọ̀ ẹni, kí ìyìn tàbí ẹ̀sùn oníbàárà má ṣe pẹ́ kó tó dé etí ẹni. Èkejì ni orúkọ ọjà pọ̀ mọ́ orúkọ àdúgbò. Ẹ̀kẹta ni orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ta ọjà kan náà, kí ẹni mọ ohun tuntun tí wọ́n gbé dé; jíjí fọ́tò wọn lò kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ẹni fi ń ṣe ọjà. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní oṣù Kẹfà, ilé ìfowópamọ́ àgbà CBN yí ètò pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè padà, náírà sì já wálẹ̀. Oníbúrẹ́dì tó tètè gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè ṣàlàyé fún oníbàárà kí owó búrẹ́dì tó gun òkè, kò ní jẹ́ pé ìjà ló máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ̀karùn-ún ni ìkéde ìjọba. Ẹni tó ń rán aṣọ iléèwé ní Ìgandò nílò ọjọ́ ìwọlé tí ìjọba Èkó bá fi síta. Oníṣòwò Katangowa náà nílò ohun tí ìjọba bá ń sọ nípa ọjà wọn, torí pé ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń pète láti kó Computer Village kúrò ní Ìkẹjà lọ síbẹ̀.

Olobó tó kan ẹ̀mí

Fún ẹni tó ń ta oògùn, ọ̀rọ̀ yìí kọjá èrè. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí èròjà olóró diethylene glycol wà nínú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, NAFDAC tún kéde pé kí wọ́n kó oògùn ikọ́ ọmọdé Benylin Paediatric tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 329304 kúrò nílẹ̀, nítorí pé àyẹ̀wò àjọ náà rí èròjà yìí kan náà nínú rẹ̀. Kenvue, iléeṣẹ́ tó ni oògùn náà, sọ lẹ́yìn náà pé àyẹ̀wò tàwọn kò rí i. Bí ó ti wù kó rí, olóògùn tó ti ṣètò olobó “NAFDAC recall” láǹfààní láti yẹ pẹpẹ rẹ̀ wò kí ó tó ta ìgò mìíràn, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìyá tó ti rà á. Ìpolówó wo ló lè mú kí àdúgbò gbẹ́kẹ̀ lé e ju ìyẹn lọ?

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Google Alerts kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí WhatsApp, kì í sì wọ inú ẹgbẹ́ Facebook tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń lọ lórí Instagram náà máa ń fò ó. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òwò Alímọ̀ṣọ́ ń lọ ní irú ibẹ̀ àti ní ojú ọjà gan-an, etí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Bákan náà, ẹ̀rọ kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ìròyìn tó bá kan oògùn, owó orí tàbí òfin, kí ẹni lọ wò ó ní ìkànnì àjọ tó kàn kó tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ. Ní alẹ́, kí ó ka olobó tó wọlé, kí ó kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà lò sílẹ̀, kí ó sì pa olobó tí kò wúlò rẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó mú ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kí ó fi sí ìpolówó rẹ̀, kí ó sì máa bi oníbàárà tuntun léèrè ibi tó ti gbọ́ nípa ìsọ̀ òun. Ìdáhùn wọn ni yóò sọ fún un bóyá olobó náà ń so èso.