Ọba Tí Ó Di Èso Lórí Ìwé

Ọba kan jẹ ní ilẹ̀ Faransé tí àwòrán èso lásán dà láàmú ju ìbọn lọ. Louis-Philippe ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1830 ni àwọn ará Paris lé Charles Kẹwàá tí ó fẹ́ pa àwọn ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́, a sì fi Louis-Philippe joyè dípò rẹ̀. Òfin tí ó búra lé lórí sọ ọ́ gbangba pé ìjọba kò tún ní máa yẹ ìwé wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé.

Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1831, Charles Philipon tí ó ni ìwé ìròyìn La Caricature dúró níwájú ilé ẹjọ́ nítorí àwòrán tí wọ́n ní ó tàbùkù ọba. Ó ya orí mẹ́rin fún wọn. Èkínní jọ ọba gẹ́lẹ́. Nínú èkejì àti ẹ̀kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú, àtàrí sì ń tín-ín-rín. Ẹ̀kẹrin di èso píà. (Píà ti àwọn òyìnbó ni o, kì í ṣe tiwa tí a ń fi jẹ búrẹ́dì.) Philipon bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ òun ni pé èso jọ ọba. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti ìtanràn 2,000 fráǹkì ni èsì tí ó gbà. Láìpẹ́, píà ti wà lára ògiri káàkiri ìlú Paris.

Ní ọdún 1832, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Honoré Daumier pẹ̀lú. Ó ti ya ọba bí òmìrán tí ó la ẹnu sílẹ̀, tí àwọn tálákà ń ru owó gun orí pákó lọ dà sí i lẹ́nu, tí ìwé oyè sì ń jáde lábẹ́ àga rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, èyí gún ni ju píà lọ.

Ní ọdún 1834, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí Le Charivari, ìwé ìròyìn Philipon kejì, tẹ ìdájọ́ tí wọ́n dá fún un jáde. Ó gbọ́ràn: ó to ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ títí tí ó fi di píà.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1835, Fieschi yìnbọn sí ọba. Ọba yè, ṣùgbọ́n ènìyàn 18 kú. Òfin oṣù Kẹsàn-án tẹ̀ lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ àwòrán jáde láìgba àṣẹ. Òfin náà kò béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé ìròyìn. Ìjọba ní èrò ọkàn ni ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwà ni àwòrán. Ọgbọ́n wà nínú ìbẹ̀rù yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ará Faransé ìgbà náà kò mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ ojú wọn ríran.

Ní oṣù Kejì ọdún 1848, Paris tún dìde. Louis-Philippe fi adé sílẹ̀, ó sá lọ sí Ìlú Ọba, níbi tí ó kú sí ní ọdún 1850. Ní oṣù Kẹta ọdún 1848 náà, ìjọba tuntun fagi lé òfin àwòrán rẹ̀.