Ilé-ẹ̀kọ́ Kúdetì Nígbà Tí Ọ̀nà Dí

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà wa yìí. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọlu àwọn báńkì, ẹ̀mí tó lọ sí i lé ní ọgbọ̀n. Ọdún Àjíǹde kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo ní, "Gbogbo ìlú ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀yin ń gbálẹ̀?" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ta ni kó wá bá wa gbá a?" N kò rí èsì fọ̀.

Ṣé ẹ rántí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀? Ọdún 1853 ni wọ́n dé Ìbàdàn, Kúdetì ni wọ́n sì tẹ̀dó sí. Olóyè Olúnlóyọ̀ fún wọn ní ọmọ rẹ̀ méjì kí wọ́n máa kọ́ wọn níwèé. Nígbà tó di 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ti Ìjẹ̀bú náà kò ṣeé gbà. Ìjàyè ṣubú ní 1862, àmọ́ ọ̀nà kò là. Ẹrù kò wọlé láti Èkó, owó kò wọlé. Àwọn òyìnbó yìí ń ta ohun èlò ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ fáwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ibà ò sì yéé dá Anna dùbúlẹ̀.

Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò dá dúró. Àdúrà àárọ̀, ABD, abẹ́rẹ́ àti òwú fáwọn ọmọbìnrin, ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè. Iṣẹ́ yìí kò dá ogun dúró o, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ohun tí Jeremáyà kọ sáwọn ìgbèkùn ní Bábílónì, ní orí 29, ni mo rí nínú rẹ̀: ẹ kọ́lé, ẹ dáko, ẹ gbéyàwó, níbi tí ẹ kò fẹ́ wà yẹn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ṣe é, bí àwọn ìwé kan ṣe máa ń sọ ọ́. Nígbà tí Kápútẹ́ẹ̀nì Maxwell gba inú igbó wá mú Anna lọ sí Èkó ní 1865, tí ọkọ rẹ̀ náà tẹ̀lé e, Daniel Olúbí ló di iṣẹ́ mú.

Ọmọ kan wà nínú àwọn tó kàwé ní Kúdetì yẹn, Freetown ni wọ́n ti bí i ní 1846. Samuel Johnson ni. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà káàkiri ibùdó ogun Kírìjì ní 1886. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n Ìlọrin kò ṣí kúrò lẹ́yìn odi Ọ̀fà. Ìlú wa bọ́ níkẹyìn, àwọn bàbá wa sá kiri. Johnson kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ tún un kọ kó tó jáde ní 1921.

Títí dòní, bí ọmọ Ọ̀fà bá fẹ́ mọ ohun tójú ìlú rẹ̀ rí nígbà yẹn, ìwé ọmọ Kúdetì yẹn ló máa ṣí.

N kò tíì sọ èyí fún ìyá tó ń gbálẹ̀ o. Mo ṣì jẹ ẹ́ lésì.